Ẹ Má Fọ́ Ọ, Ẹ Má Sọ Ọ́ Sódò: Ìkìlọ̀ fún Gbogbo Ará Òkè-Àdó

Ẹ̀yin ará Òkè-Àdó ní Ìbàdàn, ẹ̀yin tí ẹ ń ra kọ́ńdẹ̀mù kiri láti Òkè-Bọ́lá dé Mọ́lété, ẹ̀yin jórinjórin, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta ẹja òkú Èkó, ẹ̀yin onílé tí ẹ gbẹ́ kànga sẹ́yìnkùlé, ẹ fetí sílẹ̀. Bí ẹ bá rí irin kékeré kan tó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ, tí òjé bò ó lára, tí wọ́n sì ya àmì abẹ mẹ́ta dúdú sórí àwọ̀ yẹ́lò sí i lára, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má fi hámà fọ́ ọ. Ẹ má fi iná gé e. Bí ẹ̀rù rẹ̀ bá sì bà yín, ẹ má sọ ọ́ sínú gọ́tà tàbí sínú odò Ògùnpa kí ó lè kúrò lójú yín. Kò ní kúrò. Omi ni yóò gbé e, ẹrọ̀fọ̀ ni yóò gbà á, ẹja ni yóò jẹ ẹ́, ẹni tó bá jẹ ẹja náà kò sì ní mọ̀.

Ìtànṣán olóró ló ń jáde lára ohun tó wà nínú irú irin bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá a máa fi tọ́jú àìsàn jẹjẹrẹ. Àwọn tó ń gbẹ́ kànga epo rọ̀bì a máa fi wo inú àpáta. Àwọn tó ń la títì a máa fi mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti le tó, àwọn ilé iṣẹ́ kan sì ń fi mọ bí ọtí ṣe kún inú ìgò sí. Nígbà tó bá wà nínú ilé òjé rẹ̀, tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà sì ń ṣọ́ ọ, àǹfààní ló ń ṣe. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ bá kógbá sílẹ̀, tí ọ̀gá bá kú tàbí tó fi ìlú sílẹ̀, tí gbogbo ẹrù inú ọgbà sì di kọ́ńdẹ̀mù tí a ń wọ̀n ní kílò. Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ní kílò kò mọ̀ pé ohun mìíràn wà lára rẹ̀ tí òṣùwọ̀n kílò kò lè sọ.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí burú ni pé ara wa kò ní ohun tó lè fi mọ̀ ọ́n. Ìtànṣán olóró kò ní òórùn. Kò korò, kò dùn, kì í ta ni lójú. Ẹni tó fi irin náà sábẹ́ ìrọ̀rí lè sùn wọra mọ́jú. Bó bá dé inú omi, síse kò pa á, nítorí kì í ṣe kòkòrò. Iyọ̀ kò pa á. Fíríìjì kò pa á. Álọ́ọ̀mù lè mú ìdọ̀tí rì sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi ojú mọ ohun tó ṣẹ́ kù sínú omi tó tòrò náà. Irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún wíwọ̀n rẹ̀ nìkan ló lè sọ òótọ́ fún wa, mo sì fẹ́ kí gbogbo ilé ní àdúgbò yìí gba ìyẹn gbọ́ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Goiânia, ìlú ńlá kan ní Brazil, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1987. Ilé ìwòsàn kan ti kó kúrò nínú ilé rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan sílẹ̀ sínú àlàpà. Àwọn ọkùnrin méjì wọlé, wọ́n rí irin tó wúwo, wọ́n rò pé owó dé. Wọ́n tú u, wọ́n sì tà á fún ẹni tó ń ra kọ́ńdẹ̀mù. Inú rẹ̀ ni ìyẹ̀fun kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ caesium-137, tó ń tàn búlúù nínú òkùnkùn. Ó wu gbogbo ènìyàn. Ẹni tó rà á pe ará, ó pe ọ̀rẹ́, ó ń bù ún fún wọn. Àwọn kan fi pa ara. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan fi ọwọ́ tó fi ṣeré nínú rẹ̀ jẹun. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru wọ ilé náà, wọ́n sì rò pé àìsàn mìíràn ni. Ìyàwó ẹni tó ra irin náà ló fura. Ó di èyí tó kù sínú àpò, ó gbé e wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ àwọn elétò ìlera, ó ní nǹkan yìí ló ń pa àwọn ènìyàn òun.

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó jẹ́ títí onímọ̀ físíìsì kan fi yá irinṣẹ́ ìwọ̀n wá. Kó tó dé ibẹ̀ rárá ni ọwọ́ irinṣẹ́ náà ti fò dé òpin. Ó rò pé ó ti bàjẹ́, ó padà lọ mú òmíràn. Ohun kan náà ni òmíràn sọ. Ènìyàn mẹ́rin kú kí oṣù kẹwàá tó parí. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà yẹn wà nínú wọn, ìyàwó tó fura náà sì wà nínú wọn. Ó lé ní 112,000 ènìyàn tí wọ́n yẹ̀ wò, pápá ìṣeré bọ́ọ̀lù ìlú náà ni wọ́n kó wọn jọ sí, wọ́n sì rí ìyẹ̀fun náà lára 249. Ẹ fojú inú wo pápá Liberty tiwa níbí, kí gbogbo ìdílé láti Òkè-Àdó dé Bẹẹrẹ tò síbẹ̀ nínú oòrùn, kí oníkálukú máa retí kí wọ́n sọ fún un bóyá ikú wà lára aṣọ ọmọ rẹ̀. Wọ́n wó àwọn ilé kan palẹ̀ ní Goiânia, wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ àyíká wọn kó lọ.

Ẹ má sọ pé Brazil jìnnà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2002, olè jí irinṣẹ́ olítànṣán kan tí wọ́n ń lò nídìí kànga epo, lójú ọ̀nà Warri sí Port Harcourt. Wọ́n wá a títí. Ọdún 2003 ni wọ́n tó rí i, àárín irin kọ́ńdẹ̀mù ní Jámánì ni wọ́n sì ti rí i. Ó ti gba ọwọ́ ẹni tí a kò mọye kọjá, ó ti bá ẹrù sọdá òkun, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ nínú àwọn tó gbé e. Kí ẹ tún rántí Kókò, létí odò Benin, lọ́dún 1988. Àgbá ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó kún fún ìdọ̀tí olóró láti Ítálì ni wọ́n kó pamọ́ sí ọgbà ẹnìkan níbẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Ítálì ló ta ìlú lólobó. Kí ìjọba tó dé, àwọn ará ìlú kan ti da ohun tó wà nínú àgbá nù, wọ́n ti ń fi àgbá náà pọn omi.

Ìbàdàn náà ti rí tirẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024, ohun abúgbàù tí wọ́n kó pamọ́ sínú ilé kan ní Bódìjà bú. Ènìyàn kú, ó lé ní 70 tó fara pa, ilé sì wó lọ rẹpẹtẹ. Àwọn aládùúgbò kò mọ ohun tí wọ́n ń bá sùn. Ohun abúgbàù ń pariwo, gbogbo ìlú sì gbọ́. Ìtànṣán olóró kì í pariwo.

Mo mẹ́nu ba Ògùnpa lẹ́ẹ̀kan, n ó sì tún padà síbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wa gbà pé ohun tí a bá ti sọ sódò ti tán. Àgbà tó wà ní Ìbàdàn nígbà omíyalé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 mọ ohun tí Ògùnpa lè gbé. Àwọn ọ̀dọ́ rí irú rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Odò yìí ń lọ bá Ọnà, Ọnà sì ń sàn lọ sí gúúsù títí dé ọ̀sà. Caesium bíi ti Goiânia yẹn yára yòrò nínú omi bí iyọ̀. Bó bá pàdé amọ̀, á lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, á sì bá a rì sí ìsàlẹ̀. Ó gba 30 ọdún kí agbára rẹ̀ tó dín sí ìdajì, 30 ọdún mìíràn kí ìdajì yẹn náà tó tún pín sí méjì. Ọmọ tí a bí lónìí yóò ti ní ọmọ tirẹ̀ kí ìdajì àkọ́kọ́ tó lọ. Láàárín ìgbà náà, ẹni tó ń wa yanrìn odò fún búlọ́ọ̀kù lè wa ẹrọ̀fọ̀ náà, ẹja tó ń jẹ nísàlẹ̀ omi lè gbé e mì.

Nínú ẹja, oríṣi ohun olítànṣán kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ń lọ. Caesium ń ṣe bíi potassium, nítorí náà ẹran ara ẹja ló ń wọ̀. Strontium-90 ń ṣe bíi kálísíọ́ọ̀mù, egungun ló ń lọ jókòó sí. Àwa tí à ń jẹ ṣáwà tòun tegungun, tí à ń lọ èdé gbígbẹ tòun tèèpo sínú ọbẹ̀, kí a fi ìyẹn sọ́kàn. Ẹni tó bá fẹ́ wọn ẹja dáadáa kò ní wọn ẹran rẹ̀ nìkan.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n? Becquerel ni orúkọ ìwọ̀n náà. Becquerel kan túmọ̀ sí pé átọ́ọ̀mù kan tú ìtànṣán jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Omi òkun fúnra rẹ̀ ní ìtànṣán láti ìgbà ìwáṣẹ̀, nǹkan bíi becquerel 12 nínú lítà kan, láti ara potassium inú rẹ̀. Ara ènìyàn náà ní tirẹ̀, ó tó 4,000 lára àgbàlagbà, láti inú ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gbogbo ohun tí à ń jẹ. Ìyẹn kò pa wá. Èyí tí wọ́n ń wá ni èyí tí ọwọ́ ènìyàn dá sílẹ̀, ó sì máa ń kéré gan-an nínú òkun: caesium tó ṣẹ́ kù láti ìgbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ń dán àdó olóró átọ́míìkì wò kò ju becquerel kan sí méjì lọ nínú odindi lítà 1,000. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pọn omi púpọ̀, tí wọ́n ń lo kẹ́míkà láti fa caesium inú rẹ̀ jọ sójú kan, tí wọ́n sì ń gbé e sínú àpótí òjé tó nípọn, níbi tí irinṣẹ́ germanium ti ń kà á fún odindi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irinṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ tutù ju yìnyín lọ lọ́nà tó pọ̀, kó tó lè ríran. Ní ti ẹrọ̀fọ̀, ọ̀pá gígùn ni wọ́n ń tì bọ ìsàlẹ̀ omi, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á gé ẹrọ̀fọ̀ inú rẹ̀ ní ìpele ìpele, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á dí i pa fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí wọ́n tó kà á. Ní ti ẹja, wọ́n ń yọ egungun rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n sì ń sun ún di eérú.

Ìpele ẹrọ̀fọ̀ yẹn yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, nísàlẹ̀ adágún àti ọ̀sà, ìpele kan wà tí caesium rẹ̀ pọ̀ ju ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ lọ: ìpele ọdún 1963 ni, ọdún tí àwọn alágbára ayé fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò ní fi àdó olóró dánwò nínú afẹ́fẹ́ mọ́. Ohun tí wọ́n ti sọ sójú ọ̀run ṣáájú ìgbà náà wà níbẹ̀ di òní. Ẹ wá rò ó, kí ni ìpele ẹrọ̀fọ̀ tiwa yóò sọ nípa wa?

Ìbàdàn kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ ìwọ̀n ìtànṣán yìí. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1960, Faransé yin àdó olóró átọ́míìkì àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, níbi tí ọyẹ́ ti ń gbé eruku wá bá wa lọ́dọọdún. Wọ́n yin ìkejì ní oṣù kẹrin. Nígbà tí wọ́n yin ìkẹta ní oṣù kejìlá, Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira kò gbà. Ní oṣù kìíní ọdún 1961, ìjọba Tafawa Balewa lé aṣojú Faransé kúrò nílùú, wọ́n sì ti èbúté mọ́ ọkọ̀ wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ní 1964, ìjọba àpapọ̀ dá ibi ìwọ̀n ìtànṣán sílẹ̀ ní ẹ̀ka físíìsì ní Yunifásítì Ìbàdàn. Títí di òní ni iṣẹ́ náà ń lọ ní ọgbà yunifásítì náà, lábẹ́ orúkọ National Institute of Radiation Protection and Research. Ó wà lábẹ́ Nigerian Nuclear Regulatory Authority, àjọ tí òfin 1995 dá sílẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001. Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Òkè-Àdó lè dé ọ̀dọ̀ wọn kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Ó dùn mí púpọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú yìí kò mọ̀ pé wọ́n wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kànga ẹ̀rọ, èyí tí gbogbo wa ń pè ní borehole, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ díẹ̀. Kò di dandan kí ẹnikẹ́ni ju nǹkan sínú omi yín kí ìtànṣán tó wà nínú rẹ̀. Àpáta tí a kọ́ Ìbàdàn lé lórí ní uranium àti thorium nínú díẹ̀díẹ̀, bó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ àpáta. Ní Abẹ́òkúta, níbi tí àpáta pọ̀ sí, àwọn onímọ̀ ti wọn ìtànṣán ilẹ̀ tó ga ju ti ọ̀pọ̀ ìlú wa lọ. Bí kànga bá ṣe jìn wọnú àpáta tó ni omi ṣe ń pẹ́ lára rẹ̀ tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí oríṣi ìtànṣán tí wọ́n ń pè ní alpha nínú omi mímu bá ti ju 0.5 becquerel lọ nínú lítà kan, tàbí tí oríṣi kejì, beta, bá ju 1 lọ, kí a tún un yẹ̀ wò láti mọ ohun tó fà á. Kì í ṣe pé ẹni tó mu ún yóò kú lọ́la. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń pọn omi yín tà fún gbogbo àdúgbò, tí ẹ ń rọ ọ́ sínú ọ̀rá fún àwọn ọmọ ilé ìwé, ẹ̀tọ́ àwọn tó ń ra omi náà ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ti san owó gbígbẹ́, ẹ ti san owó ẹ̀rọ, ẹ ti san owó táǹkì. Ẹ san owó àyẹ̀wò pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ ẹja òkú Èkó, ẹja inú yìnyín tó ń wá láti òkè òkun, kù. Láti ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni Japan ti ń tú omi ilé iṣẹ́ átọ́míìkì Fukushima, èyí tí ìmìtìtì ilẹ̀ àti omíyalé bàjẹ́ ní 2011, sínú òkun díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n ń là á pọ̀ mọ́ omi púpọ̀ kí ohun olítànṣán tó ń jẹ́ tritium nínú rẹ̀ má bàa tó becquerel 1,500 nínú lítà kan. 10,000 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe ìwọ̀n fún omi mímu. Àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mìíràn náà ń pọn omi, ẹrọ̀fọ̀ àti ẹja níbẹ̀, wọ́n ń wọ̀n ọ́n fúnra wọn. Japan kò gbà kí ẹja tó ju becquerel 100 caesium lọ nínú kílò kan dé ọjà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi ìròyìn ránṣẹ́ lórí fóònù pé Títù tàbí kòtẹ́ ti di májèlé, ẹ má pín in. Ẹni tó kọ ọ́ kò wọ̀n ọ́n. Ẹ rántí oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí wọ́n ní kí a mu omi iyọ̀, kí a sì fi wẹ̀, nítorí Ebola. Omi iyọ̀ yẹn pa ènìyàn. Bákan náà, bí ẹni tí kì í ṣe dókítà bá gbé oògùn tàbí àgbo wá pé ó ń lé ìtànṣán olóró kúrò lára, òpùrọ́ ni, ẹ má fún un lówó.

Ohun tó tọ́ kí a béèrè ni èsì. Ẹja tó wọ orílẹ̀-èdè yìí láti òkè òkun, ẹja ọ̀sà Èkó, ẹrọ̀fọ̀ Ògùnpa àti Ọnà, ìgbà wo ni wọ́n wọ̀n wọ́n kẹ́yìn, kí sì ni wọ́n rí? Kí ìjọba ìbílẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ àti àjọ tó ń rí sí i kọ ọ́ ní èdè Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ní Ọjà'ba àti ní Òkè-Àdó, kí ìyá ẹlẹ́ja lè ní kí ọmọ kà á sí òun létí. Ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin aṣòfin wa, ẹ bá wa béèrè.

Ní báyìí, bí ẹ bá rí irin tó ní àmì abẹ mẹ́ta yẹn, tàbí àmì tuntun rẹ̀ tó pupa, tí wọ́n ya agbárí òkú àti ènìyàn tó ń sá sí, ẹ kúrò níbẹ̀, ó kéré tán 30 mítà, kí ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tàbí ẹnikẹ́ni súnmọ́ ọn. Ẹ má ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ pe 615 tàbí 112, kí ẹ sọ fún wọn pé irin olítànṣán ni, kí wọ́n pe àwọn tó ní irinṣẹ́ ìwọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra kọ́ńdẹ̀mù, ẹ má bẹ̀rù pé wọn yóò mú yín. Èyí tó léwu fún yín jù ni kí ẹ gbé e pamọ́ sínú yàrá tí ẹ ń sùn. Bí ẹ bá ti fọwọ́ kàn án, ẹ má jẹun, ẹ má mu sìgá, ẹ bọ́ aṣọ sínú ọ̀rá kí ẹ so ó pa, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ àti ara. Kí ẹ wá gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, bí ara yín tilẹ̀ le koko. Ẹ má sọ fún dókítà pé inú ń run yín nìkan. Ẹ sọ fún un pé ẹ fọwọ́ kan irin tó ní àmì abẹ mẹ́ta, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ sì dárúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú yín.